Èkó sí São Paulo: kìlómítà mélòó gan-an ni, ta ló ń parọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bímọ ní São Paulo ní Bràsílì, màmá wa sì fẹ́ lọ bá a wẹ ọmọ. Wọ́n ti lé ní 65, orúnkún ń dùn wọ́n. Mo wo Google, ó ní láti Èkó dé ọ̀hún jẹ́ 6,350. Àápù kan lórí fóònù ọ̀rẹ́ mi ní 3,946. Òmíràn tún ní 3,429. Ẹ́jẹ́ǹtì tí mo lọ bá ní wákàtí 27 ni ìrìnàjò náà. Lọ́ńdọ̀nù tí gbogbo wa mọ̀ ò ju wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ 5,000 kìlómítà ni wọ́n pè é. Ṣé ẹsẹ̀ ni màmá fẹ́ fi rin 1,350 tó kù ni? Ta ló ń parọ́ nínú gbogbo wọn?

* * *

Àbúrò, kò sẹ́ni tó ń parọ́ níbẹ̀. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń wọ̀n, òṣùwọ̀n ló yàtọ̀. Tó o bá fi kóńgò wọn gàrí, o ò ní kà á púpọ̀, tó o bá fi dẹ́rìkà wọn gàrí yẹn náà, o máa kà á títí ó fi máa sú ẹ, ṣùgbọ́n gàrí ò lé, gàrí ò dín. 6,350 yẹn, kìlómítà ni. 3,946, máìlì ni, torí máìlì kan jẹ́ kìlómítà kan àti díẹ̀, 1.609. 3,429 ni máìlì tí àwọn awakọ̀ ojú omi àti páílọ́ọ̀tì ń lò, ìyẹn tún gùn jù, 1.852 kìlómítà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀. Lọ sínú sẹ́tíǹgì àápù ọ̀rẹ́ ẹ, wàá rí ibi tí wọ́n ti ń yí i padà.

Tó o bá fẹ́ mọ bó ṣe tó lára, títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ò pé 130 kìlómítà. Fi ìyẹn lọ́nà 50, o ti dé São Paulo. Mi ò ka súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Bẹ́gà mọ́ ọn o.

Wákàtí 27 tí ẹ́jẹ́ǹtì sọ, òótọ́ lòun náà sọ. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

* * *

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí 6,350 yẹn jẹ́, torí mo rí i pé àwọn kan níbí rò pé ọ̀nà tí bàálù màmá máa gbà nìyẹn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìgbà tí èèyàn bá fa okùn láti Èkó dé São Paulo lórí ayé ni, tó fà á le dan-in dan-in, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì.

Èmi ò kọ́ jọ́gíráfì débì kankan. Ọmọ mi tó wà ní JSS 2 ló ní gílóòbù kan tí wọ́n ní kó rà. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí iná lọ, a tan tọ́ọ̀ṣì, mo mú tépù tí mo fi ń wọn aṣọ, mo fi wọn ìbàdí gílóòbù yẹn yípo, 80 sẹ̀ǹtímítà géérégé. Ayé fúnra ẹ̀ tó bíi 40,000 kìlómítà yípo, a jẹ́ pé sẹ̀ǹtímítà kan lórí nǹkan yẹn dúró fún 500 kìlómítà. Mo bá mú òwú dúdú, mo fi àtàǹpàkò tẹ orí ẹ̀ mọ́ Èkó, mo fà á lọ sókè dé Lọ́ńdọ̀nù. 10. Mo fà á gba orí òkun dé São Paulo. 12 lé, kò pé 13. Mo wá ní kí n wo Salvador, ní Bàhíà, torí ibẹ̀ ni mo ti lọ tajà. 10 àti díẹ̀ báyìí. Mo ní ọwọ́ mi ló yẹ̀. Mo tún un wọ̀n. Ọmọ náà gba òwú lọ́wọ́ mi, òun náà wọ̀n ọ́n. Ibi kan náà ló já sí.

Mo lọ yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù lọ́jọ́ kejì. Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù, bíi 5,000. Èkó sí Salvador, bíi 5,090. Ẹ gbọ́ ná, gbogbo bí a ṣe ń pariwo Bràsílì bí ẹni pé ìpẹ̀kun ayé ni, Bàhíà tí wọ́n ti ń dín àkàrà nínú epo pupa létí títì ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí wa ju Lọ́ńdọ̀nù lọ. Kò tó Èkó sí Ìbàdàn tó fi jù ú lọ. Ó ká mi lára lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Lọ́ńdọ̀nù, wákàtí mẹ́fà ààbọ̀. Bàhíà, ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi débẹ̀.

* * *

Mo ti ka gbogbo èsì yín. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé òkun ló fẹ̀ jù, pé bàálù ò lè fò ó láìdúró, epo máa tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Ní 1930 ni Jean Mermoz, ará Faransé kan, ti gbéra ní Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gà tòun tèèyàn méjì, tí wọ́n kó lẹ́tà sínú bàálù kékeré kan tó ń bà sórí omi, tí wọ́n sì já sí Natal ní Bràsílì. Ó gbà wọ́n tó wákàtí 21, ṣùgbọ́n wọ́n débẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n fò lórí òkun yẹn lé ní 3,000 kìlómítà. Bàálù ayé òde òní tó ń gbé wa lọ Amẹ́ríkà, òmíràn lè fò ju 14,000 kìlómítà lọ kó tó wá epo.

Ẹ tún wò ó. Luanda ní Àǹgólà sí São Paulo, 6,500 kìlómítà, ó jìn ju ti Èkó lọ, bàálù sì ti ń lọ tààrà níbẹ̀ tipẹ́. Johannesburg sí São Paulo, bíi 7,400, tààrà náà ni. Ṣé òkun tiwa nìkan ló wá fẹ̀ ni?

Ohun tí kò jẹ́ kí bàálù máa lọ tààrà láti Èkó, owó ni, àti èrò, àti àdéhùn ìjọba. Bàálù ńlá tó gbé 250 èèyàn, tí kò bá rí èrò kún un lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, àlọ àti àbọ̀, gbèsè ló ń fò. Àwọn ará Àǹgólà àti Bràsílì ń sọ èdè Pọtogí kan náà, wọ́n ń ṣòwò, wọ́n ń fẹ́ra wọn. Àwa ńkọ́? Àwa ní Pópó Àgùdà l'Ékòó, àdúgbò àwọn tó ti Bràsílì padà wálé, a ní orúkọ da Silva àti da Rocha, a ní ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ò ra tíkẹ́ẹ̀tì.

* * *

Ta ló sọ pé kí bàálù kàn gbéra sókè kó dúró sójú kan, kí ayé yí wá bá a? Mo rẹ́rìn-ín títí tíì mi fi tutù. Ọ̀gá, tó o bá wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń sáré, tó o ju ọsàn sókè, ṣé ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì ló máa ń bọ́ sí ni àbí ọwọ́ ẹ? Afẹ́fẹ́ tí bàálù wà nínú ẹ̀ ń bá ayé yí. Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwa tá a wà nílẹ̀ níbí ni atẹ́gùn ì bá máa gbá ní ìyára 1,670 kìlómítà láàrin wákàtí kan. Kò sí òrùlé tó máa kù ní Ìkòròdú.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ atẹ́gùn kì í ṣe àwàdà pátápátá. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń lọ Atlanta. Kìlómítà kan náà ni lílọ àti bíbọ̀, bíi 9,400, ṣùgbọ́n àtibẹ̀ bọ̀ wá sí Èkó yá ju àtibí lọ síbẹ̀ lọ, ó máa ń tó wákàtí kan àti jù bẹ́ẹ̀. Lókè lọ́hùn-ún, lápá ibi tí Amẹ́ríkà wà, atẹ́gùn líle kan wà tó máa ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, tó bá ń tì ẹ́ lẹ́yìn, o jèrè, tó bá kọjú sí ẹ, o jìyà. Bọ̀dá wa tó wà ní Houston, tẹ́ ẹ ní ìgbà kan rí ẹ máa ń wọ bàálù l'Ékòó tẹ́ ẹ máa bọ́ sílẹ̀ ní Houston láìdúró níbì kankan, tí àwọn kan ń pè yín ní onírọ́, òótọ́ lẹ sọ. Láti 2011 sí 2016 ni ilé-iṣẹ́ bàálù United fi ń fo ọ̀nà yẹn. Ó lé ní 10,400 kìlómítà. Èyí tó fi hàn pé kì í ṣe jíjìn ló ń pa ọ̀nà rẹ́, torí São Paulo ò tó méjì nínú mẹ́ta rẹ̀.

* * *

Ẹ ní kí n sọ bí èmi ṣe lọ. Ó dáa.

Ọṣẹ dúdú ni mo kó, aṣọ òkè àti ìlẹ̀kẹ̀. Salvador ni mo ń lọ. Bàálù gbé wa l'Ékòó lọ́sàn-án, ó kọjú sí ìlà-oòrùn. Mo ní ìwọ̀-oòrùn ni Bràsílì wà, obìnrin tó jókòó tì mí ní Addis Ababa ní Etiópíà la kọ́kọ́ ń lọ. Mo mọ̀, ó wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ká mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí kó máa ṣẹlẹ̀ síni. Bíi wákàtí márùn-ún, 3,900 kìlómítà, à ń sá fún ibi tá à ń lọ. A bọ́ sílẹ̀ lálẹ́, òtútù bò wá, orí òkè gíga ni ìlú yẹn wà, mi ò mú súwẹ́tà, mo fi ìborùn wé ọrùn, mo ká ẹsẹ̀ sórí àga, mo ń ṣọ́ báàgì.

Lẹ́yìn náà la wọ ti São Paulo. Fèrèsé ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fún mi. Mo ṣí àwòrán ọ̀nà tó wà lára àga iwájú mi, mo ń wo bàálù kékeré funfun yẹn bó ṣe ń rìn díẹ̀díẹ̀. Ó kọjá Kóńgò, ó bọ́ sórí òkun. Mo rí i pé a ti padà dé ìsàlẹ̀ ilé! Èkó wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi lókè níbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sójú máàpù gàdàgbà, ó ku bíi 1,500 kìlómítà ká fara kàn án. Bí ẹni tó fẹ́ lọ láti Yábàá sí Súrùlérè tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ó ṣe mí bíi kí n pariwo "ọ̀wà o!" kí wọ́n sọ̀ mí kalẹ̀ ní Ọ̀ṣòdì.

9,900 kìlómítà ni apá kejì ìrìnàjò yẹn. Mo jẹun lẹ́ẹ̀mejì, mo sùn, mo jí, mo tún sùn, mi ò tíì débẹ̀. Wákàtí 27 tí ẹ́jẹ́ǹtì sọ fún ẹ, irú ìyípo àti ìdúró báyìí ló wà nínú ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá ti bàjẹ́ nìyí, ìwọ tó o béèrè, fetí sílẹ̀. Ẹ́jẹ́ǹtì tí mo lò nígbà yẹn, orúkọ ẹ̀ ò wúlò, ó ra tíkẹ́ẹ̀tì Èkó sí São Paulo lọ́tọ̀, ó ra ti São Paulo sí Salvador lọ́tọ̀, ó ní ó dínwó. Lórí ìwé àkọ́kọ́ wọ́n kọ GRU. Lórí ìkejì wọ́n kọ CGH. Mo rí i, mo rò pé lẹ́tà lásán ni. Ẹ́pọ́ọ̀tù méjì ni o! GRU wà ní Guarulhos lẹ́yìn ìlú, CGH ni Congonhas láàrin ìlú, gbogbo São Paulo ló sì wà láàrin wọn, bíi 35 kìlómítà. Mo gba ẹrù mi, mo jáde, mo fi ìwé han ọkùnrin kan, ó wo ìwé, ó wo mi, ó kàn mi orí. Táksí ni mo wọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé Èkó nìkan ló ní gó-síló, ẹ lọ wo títì etí odò wọn ní ìrọ̀lẹ́. Ó lé ní wákàtí méjì. Bàálù mi ti lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì jóná torí òun àti ti àkọ́kọ́ ò mọra wọn rí. Orí bẹ́ǹṣì ni mo sùn, mo ra òmíràn láàárọ̀ ní owó tí mi ò ní kọ síbí torí ọkọ mi ń ka ibí yìí.

Nínú ohun tó lé ní 15,000 kìlómítà tí mo fò, 35 tí mo fi táksí rìn ló ná mi lówó jù.

Nígbà tí mo wá dé Salvador, mo rí ìyá kan tó wọ aṣọ funfun wé gèlè, ó jókòó ti agbada epo pupa, ó ń fi ṣíbí onígi bu ẹ̀wà lílọ̀ sínú ẹ̀. Mo ní "àkàrà". Ó ní "acarajé". Ó la ọ̀kan, ó ki edé sí i nínú, ó nawọ́ ẹ̀ sí mi. Mi ò lè sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ wa.

* * *

Àwọn tó ní "kí wọ́n gba Yúróòpù, ó yá jù", ẹ ò parọ́, ṣùgbọ́n ìwé ìrìnnà wo lẹ fi gbà á? Tó bá jẹ́ ti Nàìjíríà nìkan ló wà lọ́wọ́ ẹ, àwọn orílẹ̀-èdè Schengen, ìyẹn àwọn ti Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan náà, ń béèrè físà tránsíìtì, ti ẹni tó kàn ń gba ibẹ̀ kọjá, kódà tó ò bá ní jáde kúrò nínú ẹ́pọ́ọ̀tù, àfi àwọn tó ti ní irú físà Amẹ́ríkà tàbí Kánádà tó ṣì dára. Màmá tó ń lọ wẹ ọmọ máa wá lọ tò fún físà méjì. Ẹni tó bá ní okun, kó lọ.

Mo fi òwú mi wọn àwọn ọ̀nà tó kù, mo sì yẹ̀ wọ́n wò lórí fóònù. Gba Luanda, àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 8,500 àti díẹ̀, òun ló kúrú jù, tó o bá rí ọjọ́ tí bàálù méjèèjì bára mu. Gba Johannesburg, ó fẹ́ẹ̀ tó 12,000. Gba Addis, 13,800. Gba Doha ní Qatar, 17,400, ìyẹn fẹ́ẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ojú ọ̀nà, èèyàn á kọ́kọ́ lọ kí àwọn Lárúbáwá kó tó yí padà. Bẹ́ẹ̀ nígbà míì tíkẹ́ẹ̀tì Doha máa dínwó ju ti Luanda lọ. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Owó tíkẹ́ẹ̀tì kì í tẹ̀lé kìlómítà, iye àga tó ṣófo àti iye àwọn tó ń du èrò ló ń tẹ̀ lé. Ẹni tó ní kí n fi owó pín kìlómítà ká lè mọ ẹni tó ń rẹ́ wa jẹ, sà, ẹ lọ fi ìyẹn bá ọlọ́kadà ṣeré.

* * *

Nípa tààrà tí ẹ ní ó ń bọ̀: òótọ́ ni pé ní oṣù kẹjọ 2025, nígbà tí Tinubu lọ bá Ààrẹ Lula ní Bràsílì, ìjọba méjèèjì fọwọ́ sí àdéhùn bàálù, wọ́n sì dárúkọ Air Peace pé òun ló máa fo Èkó sí São Paulo. Inú mi dùn. Tó bá ṣeé ṣe, bíi wákàtí mẹ́jọ ni. Àmọ́ ìwé fífọwọ́sí ò tíì jẹ́ kẹ̀kẹ́ bàálù kúrò nílẹ̀. Ọjọ́ tí mo bá rí orúkọ São Paulo lójú pátákó ní Ìkẹjà, tí mo rí èrò tó tò lábẹ́ ẹ̀, lọ́jọ́ yẹn ni màá gbà. Ọmọ tuntun kì í sì í dúró de àdéhùn.

* * *

Àbúrò, mo rí i pé o ti padà wá, o ní Addis lẹ fẹ́ gbà, pé kí ni màmá máa ṣe sí orúnkún. Lákọ̀ọ́kọ́, tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo láti Èkó dé São Paulo, má gbà kí ẹnikẹ́ni pín in sí méjì fún ẹ. Nígbà tó o bá ń rà á, sọ pé kí wọ́n kọ kẹ̀kẹ́ ìjókòó sí i fún wọn, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n máa tì wọ́n láti ẹnu bàálù kan dé èkejì, wọn ò ní sọnù, wọn ò sì ní tò. Má jẹ́ kí wọ́n fi ọlá kọ̀ ọ́ pé àwọn ò tíì darúgbó, màmá tèmi ṣe bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ wọn wú bí iṣu. Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni kó o mú, kì í ṣe fèrèsé, kí wọ́n lè dìde rìn díẹ̀. Súwẹ́tà, torí Addis. Kọ àdírẹ́sì ẹ̀gbọ́n ẹ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sórí páálí, ní èdè Pọtogí, kí wọ́n fi kọ́rùn. Kí ẹ̀gbọ́n ẹ sì dúró ní GRU o, Guarulhos. Bi í kó o tún tún un bi.

Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi wà lẹ́yìn wa. Aago mẹ́fà àárọ̀ tìẹ l'Ékòó, aago méjì òru ni lọ́hùn-ún, ọmọ tuntun sì wà nílé. Má pè wọ́n kí ilẹ̀ ibẹ̀ tó mọ́.